Karl von Frisch, Ẹni tí Ó Tú Ìdí Ijó Oyin

Ta ni nínú wa ni kò mọ oyin? Ọmọ tuntun kì í gba orúkọ tán kí a má fi oyin kàn án lẹ́nu. Oníṣègùn a máa fi í po oògùn. Ọdẹ tí ó bá sì rí ihò igi tí oyin ń wọ̀ kì í ṣàìsàmì sí i kí ó tó kọjá. Ṣùgbọ́n bí a ti mọ adùn oyin tó, tí a sì mọ oró rẹ̀ tó, díẹ̀ nínú wa ni ó tíì bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀nà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò wọ̀nyí ń gbà sọ fún ara wọn pé oúnjẹ wà ní ibi báyìí, tàbí bí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ ilé láìsí ẹnikẹ́ni tí ń pàṣẹ. Ọkùnrin kan wà tí ó fi ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí, tí ó sì rí ìdáhùn tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Karl von Frisch ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Vienna, olú-ìlú ilẹ̀ Ọ́sítríà, ni a gbé bí i ní ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, ọdún 1886. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọkùnrin mẹ́rin. Anton, baba rẹ̀, jẹ́ dókítà oníṣẹ́-abẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn. Marie, ìyá rẹ̀, sì wá láti ìdílé Exner, ìdílé tí ó kún fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn òbí náà ní ilé kan tí ó ti jẹ́ ilé ìlọkà nígbà àtijọ́, ní Brunnwinkl, létí adágún omi Wolfgang, láàárín àwọn òkè gíga. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹbí máa ń lọ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ náà sì ni Karl ti kọ́ ohun tí ilé-ìwé kò lè kọ́ ọ. Kì í ṣe ọmọ tí ń sáré kiri tí ń fi òkúta lé ẹranko. A máa dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ létí omi fún wákàtí púpọ̀, láìmira, títí àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí wọ́n ti sá pamọ́ yóò fi gbàgbé pé ènìyàn wà nítòsí, tí wọn yóò sì tún jáde máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ó sin oríṣiríṣi ẹranko, ẹyẹ, ẹja àti kòkòrò sínú ilé. Ẹyẹ ayékòótọ́ kékeré kan sì wà tí ó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ó yẹ kí a yin ìyá rẹ̀ púpọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ìyá ni ó lè gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ láyè.

Ìfẹ́ baba rẹ̀ ni pé kí ó di dókítà. Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Vienna, níbi tí Sigmund Exner, arákùnrin ìyá rẹ̀, ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó mọ̀ nípa ojú kòkòrò ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ọkàn ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sí lọ́dọ̀ aláìsàn. Ọ̀dọ̀ ẹranko ni ó wà. Kò pẹ́ tí ó fi fi ìṣègùn sílẹ̀, tí ó sì kọjá sí Munich ní ilẹ̀ Jámánì láti kọ́ ìmọ̀ nípa ẹranko lábẹ́ Richard Hertwig. Ní ọdún 1910 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Kò tíì jókòó dáadáa sí ẹnu iṣẹ́ nígbà tí ìjà ńlá kan bá a. Ní Munich yìí kan náà, ọ̀jọ̀gbọ́n ojú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Carl von Hess, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń bu ọlá fún. Ọkùnrin yìí ti kọ́ni pé ẹja àti kòkòrò kò lè mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Pé dúdú, funfun àti eérú nìkan ni wọ́n ń rí. Von Frisch kò gbà. Bí oyin kò bá mọ àwọ̀, kí ni òdòdó ń fi ẹwà rẹ̀ ṣe? Ta ni ó ń ṣe ọ̀ṣọ́ fún? Àmọ́ ọmọdé kì í fi ẹnu lásán já àgbà ní koro. Ẹ̀rí ni ó gbọ́dọ̀ wá.

Ọgbọ́n tí ó dá rọrùn púpọ̀. Ó to pépà onígun mẹ́rin púpọ̀ sórí tábìlì níta gbangba. Gbogbo wọn ni ó ní àwọ̀ eérú, láti orí èyí tí ó sún mọ́ funfun títí dé orí èyí tí ó sún mọ́ dúdú, àfi ẹyọ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ aláwọ̀ aró. Ó gbé omi ṣúgà lé orí èyí tí ó ní àwọ̀ aró. Oyin wá, wọ́n mu, wọ́n lọ, wọ́n tún padà wá. Nígbà tí ó yá, ó kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó to pépà tuntun tí kò ní òórùn ṣúgà rárá, ó sì yí ipò aláwọ̀ aró náà padà. Bí ó bá jẹ́ pé bí eérú lásán ni aró ṣe rí lójú oyin, ó yẹ kí wọ́n ṣi í mú fún ọ̀kan nínú àwọn pépà eérú wọ̀nyẹn. Wọn kò ṣì í. Tààrà ni wọ́n lọ bà lé aró. Ó tún gbìyànjú pẹ̀lú pépà pupa, ó sì rí i pé oyin kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára eérú tí ó ṣókùnkùn. Oyin mọ àwọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwọ̀ tí àwa mọ̀ ni ó mọ̀. Ní ọdún 1914 ni ó tẹ iṣẹ́ náà jáde, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Ojú von Frisch kò dára tó láti jẹ́ ọmọ ogun, nítorí náà ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Vienna. Ní ọdún 1917 ó gbé Margarethe Mohr níyàwó, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọnà yíyà, tí ó sì ń bá a ya àwòrán fún iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ogun parí tí ó padà sí Munich, ohun kan ń dà á láàmú. Ó ti ṣàkíyèsí pé bí omi ṣúgà bá tán nínú àwo, oyin kò ní wá mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún bu òmíràn sí i, tí oyin ẹyọ kan bá sì kàn án, láìpẹ́ láìjìnnà ọ̀pọ̀ yóò dé. Ó dájú pé ẹni àkọ́kọ́ ti lọ ròyìn nílé. Báwo ni ó ṣe ròyìn? Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1919, ó wá ilé oyin kékeré kan tí ó ní afárá ẹyọ kan ṣoṣo láàárín gíláàsì, kí ó lè máa wo gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ó kun àwọn oyin tí ń mu omi ṣúgà ní ọ̀dà pupa lẹ́yìn, ó sì dúró. Ẹyọ kan tí ó yó dé láti òde; ó pọ oúnjẹ sí ẹnu àwọn ará ilé, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí jó! Ó ń yí po, ó ń yí po lórí afárá, àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀ sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń fi ìwo wọn kàn án lára. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ́ síta, tí wọ́n sì forí lé ibi oúnjẹ náà. Títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, ohun tí ó rí lọ́jọ́ náà ni von Frisch kà sí èyí tí ó níye lórí jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ó ń ṣí láti yunifásítì kan sí òmíràn, Rostock ní 1921, Breslau ní 1923, kí ó tó padà sí Munich ní 1925 láti jókòó sí àga ọ̀gá rẹ̀ Hertwig. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Gustav Rösch, ni ó yẹ ọ̀rọ̀ pípín iṣẹ́ wò. Ó kun oyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní ọ̀dà aláwọ̀ oríṣiríṣi kí ó lè dá ẹnìkọ̀ọ̀kan mọ̀, ó sì ń tọ ipa wọn láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Ohun tí ó rí nìyí. Ayaba oyin kì í ṣe ọba tí ń jókòó sórí ìtẹ́ kí ó máa rán ènìyàn níṣẹ́. Ẹyin ni iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì lè yé ju ẹgbẹ̀rún kan lọ lóòjọ́. Àwọn akọ kò ní iṣẹ́ kan ju pé kí wọ́n gun ayaba. Abo tí kì í yé ẹyin ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé, ọjọ́ orí sì ni ó ń sọ èyí tí ó kàn wọ́n. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde a máa gbá ojúlé afárá mọ́. Lẹ́yìn náà a di olùtọ́jú ọmọ, a máa fún àwọn ìdin ní oúnjẹ tí ń sun láti inú orí òun fúnra rẹ̀. Bí ó bá pé bí ọjọ́ mẹ́wàá, ìda a bẹ̀rẹ̀ sí jáde lábẹ́ ikùn rẹ̀, a sì di kọ́lékọ́lé. A gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń ti òde bọ̀, a tò ó pamọ́. Lẹ́yìn èyí a dúró lẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ́nà. Nígbà tí ó bá pé bí ogún ọjọ́ ni a tó di ẹni tí ń lọ sí oko, oko yìí ni yóò sì ti kú, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré tàbí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí a má rò pé òfin líle ni èyí. Rösch pín ilé oyin kan sí méjì, ó kó ọmọdé sí apá kan, ó kó àgbà sí apá kejì. Láàárín àwọn ọmọdé, àwọn kan jáde lọ wá oúnjẹ kí ọjọ́ orí wọn tó tó bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn àgbà, àwọn kan padà sí ìtọ́jú ọmọ. Lẹ́yìn ìgbà náà, Martin Lindauer, tí òun náà jẹ́ ọmọlẹ́yìn von Frisch, jókòó ti oyin ẹyọ kan tí ó fún ní nọ́ńbà 107, ó sì ṣọ́ ọ fún nǹkan bí wákàtí 177 lápapọ̀. Nínú àkókò yìí, nǹkan bí àádọ́rin wákàtí ni ó fi sinmi, nǹkan bí mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni ó sì fi rìn káàkiri inú ilé tí ó ń bẹ ojúlé wò. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò pè é ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn yìí ni ó ti ń rí iṣẹ́ tí ó kù tí kò ní ẹni tí yóò ṣe é, ibẹ̀ ni yóò sì fi ọwọ́ bọ̀ láìdúró de ìpè.

Nígbà tí Hitler gorí oyè ní ilẹ̀ Jámánì ní 1933, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ẹ̀jẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, láti mọ ẹni tí ó ní àbùlà Júù lára. Ìyá tí ó bí ìyá von Frisch wá láti ìdílé Júù. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní yunifásítì, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Wọ́n tún kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn pé ó gba àwọn Júù sí iṣẹ́. Ní ọdún 1941 ìwé dé láti ilé iṣẹ́ ìjọba pé a ó yọ ọ́ kúrò nípò. Gbogbo iṣẹ́ tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe fẹ́ parí sínú bébà ẹyọ kan.

Oyin ni ó gbà á. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an, àrùn kan tí ń jẹ́ Nosema, tí ẹ̀dá àìlèfojúrí kan ń fà nínú ìfun oyin, ń pa oyin rẹpẹtẹ káàkiri ilẹ̀ Jámánì. Bí oyin bá kú tán, ta ni yóò máa gbé àtíkè òdòdó láti igi dé igi kí èso lè so? Ogun sì ń lọ lọ́wọ́. Oúnjẹ ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Àwọn ọ̀rẹ́ von Frisch sọ èyí fún àwọn aláṣẹ, wọ́n sì gbà pé kí ó jókòó wá ọ̀nà àbáyọ, kí ìyọnípò rẹ̀ di ẹ̀yìn ogun. Ìjọba tí kò ka ẹ̀mí àìmọye ènìyàn sí ohunkóhun ṣàánú ọkùnrin kan nítorí kòkòrò. Irú àánú bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ìdúpẹ́. Nígbà tí ogun sì parí, ìjọba náà ni ó kọ́kọ́ lọ.

Ní ọdún 1944, bọ́ǹbù wó ilé rẹ̀ ní Munich, ó sì ba ilé ẹ̀kọ́ tí owó Rockefeller láti Amẹ́ríkà fi kọ́ fún un jẹ́. Ó kó ohun tí ó kù lọ sí Brunnwinkl, sí ilé ìlọkà ti ìgbà èwe rẹ̀. Níbẹ̀, nígbà tí ayé ń jó lókèèrè, ni ó ti rí ohun tí ó tóbi jù lọ.

Ó ti pẹ́ tí ó ti mọ̀ pé oríṣi ijó méjì ni ó wà: ijó àyípo, tí oyin fi ń yí po bí òrùka, àti ijó ìdí-gbígbọ̀n, tí oyin yóò sáré díẹ̀ ní tààrà, tí yóò máa gbọn ìdí sọ́tùn-ún sósì, kí ó tó yí padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan gba ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́ẹ̀kan gba ọwọ́ òsì. Ní 1923 ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé èkínní jẹ́ ìròyìn omi dídùn inú òdòdó, pé èkejì jẹ́ ìròyìn àtíkè òdòdó. Gbogbo ayé ti gbà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ní 1944, nígbà tí ó gbé àwo oúnjẹ jìnnà sí ilé oyin, ó rí i pé àwọn tí ń mu omi ṣúgà náà ń gbọn ìdí. Ohun tí ó ṣì í lọ́nà wá hàn sí i kedere: nítòsí ilé ni ó máa ń gbé omi ṣúgà sí, nígbà tí àwọn alátíkè ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Jíjìnnà ni ìyàtọ̀, kì í ṣe irú oúnjẹ. Ó ko ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ láìfi bò, ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Bí oúnjẹ bá wà nítòsí, tí kò ju nǹkan bí àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún mítà lọ, ijó àyípo tó. Bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, oyin a gbọn ìdí, bí ọ̀nà bá sì ṣe ń jìn sí i ni ijó ń falẹ̀ sí i. Von Frisch gbé aago lọ́wọ́, ó ń kà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oyin tí ó ti ọgọ́rùn-ún mítà bọ̀ a sáré tààrà bí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án sí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Èyí tí ó ti 500 mítà bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Èyí tí ó ti kìlómítà márùn-ún bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré.

Èyí tí ó tún yani lẹ́nu jù ni bí wọ́n ti ń tọ́ka ọ̀nà. Inú ilé oyin ṣókùnkùn, afárá sì dúró lóòró bí ògiri. Kò sí oòrùn tí a lè nàka sí níbẹ̀. Nítorí náà oyin sọ òkè di oòrùn. Bí oúnjẹ bá wà ní ọ̀gangan ibi tí oòrùn wà, a fi ìdí-gbígbọ̀n rẹ̀ kọjú sókè tààrà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń lọ síbẹ̀ yóò kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, a kọjú sísàlẹ̀. Bí oúnjẹ bá sì yà kúrò lára oòrùn ní dígírì ọgọ́ta sọ́wọ́ òsì, ijó náà a yà kúrò lára òkè ní dígírì ọgọ́ta sọ́wọ́ òsì. Àwo oúnjẹ kò kúrò lójú kan láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn ti ń rìn ni ijó ń yí pẹ̀lú rẹ̀.

Ó dán an wò ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ó to àwo olóòórùn tí kò ní oúnjẹ sí ọ̀nà púpọ̀ àti sí ibi jíjìn púpọ̀, ó fi ènìyàn ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ijó tọ́ka sí ni oyin rọ́ lọ. Níbi tí òkè ńlá dínà tí oyin fi ní láti yí i ká, wọ́n tọ́ka ọ̀nà tààrà bí ẹni pé wọ́n gba inú òkè kọjá, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọ̀nà tí wọ́n yí ká ni wọ́n sọ. Ó tún rí i pé bí ìkùùkuu bá bo oòrùn, ojú sánmọ̀ díẹ̀ tí ó mọ́ tó fún wọn láti mọ ibi tí oòrùn wà, nítorí ojú wọn ń rí ohun kan nínú ìmọ́lẹ̀ ojú sánmọ̀ tí tiwa kò rí.

Ní 1949 Lindauer tún rí ohun mìíràn lára ọ̀wọ́ oyin tí ó ti fi ilé sílẹ̀, tí ó so rọ̀ mọ́ igi. Àwọn kan ń jó lára wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbé oúnjẹ kankan. Ṣe ni ara wọn dọ̀tí. Dúdú fún èédú ni àwọn kan, àwọn mìíràn sì pọ́n fún eruku bíríkì. Inú àwókù ilé tí bọ́ǹbù wó ní Munich ni wọ́n ti ń bọ̀: ilé tuntun ni wọ́n ń wá fún ẹbí wọn. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ń jó fún ibi tí ó rí. Èyí tí ibi tirẹ̀ dára ń jó pẹ́, èyí tí tirẹ̀ kò sunwọ̀n a tètè dákẹ́, títí gbogbo wọn yóò fi fẹnu kò sí ibì kan tí wọn yóò sì gbéra lọ síbẹ̀. Ìpàdé mélòó láàárín àwa ènìyàn ni ó ń parí báyìí?

Von Frisch kọ́ni ní Graz láti 1946, ó padà sí Munich ní 1950, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1958. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà á gbọ́. Ní àwọn ọdún 1960, Adrian Wenner ní Amẹ́ríkà takò ó pé òórùn òdòdó nìkan ni oyin ń tẹ̀lé, pé ijó náà kò sọ nǹkan kan fún wọn. Arúgbó náà dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rí. Ní ọdún 1973, a fún òun, Konrad Lorenz àti Nikolaas Tinbergen ní Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹni tí ó sá kúrò nídìí ìṣègùn nígbà èwe rẹ̀ ni a pè wá gba adé rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Munich ni ó kú sí ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1982.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1989, Axel Michelsen ará Dẹ́nmákì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn ti ṣe oyin onírin kan, tí wọ́n fi ìda bò, tí ẹ̀rọ ń mú jó. Oyin alààyè tẹ̀lé ijó rẹ̀ lọ sí ibi tí ó tọ́ka sí. Ní 2005, ní Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ohun tí ń fò tọ ipa oyin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ijó. Wọ́n mú àwọn kan nínú wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé, wọ́n gbé wọn lọ sí ibòmíràn kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Àwọn oyin náà fò lọ sí ọ̀nà tí ijó sọ fún wọn, ní ìwọ̀n tí ijó sọ fún wọn, wọ́n dé ibi tí kò sí oúnjẹ kankan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wá a yíká ibẹ̀.